Mo Wá Orúkọ Náà Kí Owó Tó Wà Lọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta igbá fínfín nítòsí ọjà Akẹ̀sán, nílùú Ọ̀yọ́. Nígbà tí àwọn oníbàárà láti ìlú òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ó ní kí n bá òun ra orúkọ fún ìkànnì ayélujára. Orúkọ ìyá wa ló mú, ó so ó mọ́ igbá, orúkọ tí àjèjì kò lè ṣèèṣì ronú kàn. Ọkọ rẹ̀ ń fi ọ̀bẹ kékeré ha ara igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí mo ti tẹ orúkọ náà sórí ìkànnì àkọ́kọ́ tí Google gbé wá, wọ́n sì ní kò tíì lólúwa. Kò sí owó nínú káàdì mi lọ́jọ́ náà. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo tún wò ó lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìkànnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí owó fi máa wọlé lọ́jọ́ kẹfà, ẹlòmíràn ti rà á, ó sì ń tà á ní ìlọ́po 40 iye rẹ̀.

N kò ní ẹ̀rí tí mo lè gbé lọ sílé ẹjọ́, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo wádìí, mo sì rí i pé ọ̀ràn kí ẹnìkan máa ṣọ́ orúkọ tí ènìyàn ń wá, kí ó sì gbà á ṣáájú rẹ̀, ti pẹ́. Ní oṣù October 2007 ni ìgbìmọ̀ tó ń gba ICANN, àjọ tó ń ṣètò orúkọ ìkànnì káàkiri ayé, nímọ̀ràn lórí ààbò ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní January 2008, ó hàn sí gbogbo ayé pé Network Solutions, ilé iṣẹ́ tó ń ta orúkọ ìkànnì ní Amẹ́ríkà, ń di orúkọ tí ènìyàn bá wá lórí ìkànnì rẹ̀ mú fún ọjọ́ 4, tí ẹni tó wá a kò fi ní lè rà á níbòmíràn; ilé iṣẹ́ náà ní oníbàárà lòun ń dáàbò bò. Ohun tó mú un rọrùn ni pé irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dá orúkọ padà láàárín ọjọ́ 5 kí wọ́n sì gba owó wọn. Òfin ICANN ti ọdún 2009 fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè dá padà, ṣùgbọ́n kò sọ àpótí ìwádìí di ibi àṣírí: ẹni tó bá tẹ orúkọ síbẹ̀ ti sọ ọ́ sétí àjèjì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí owó wà nílẹ̀ kí ẹ tó wá orúkọ rárá, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ẹ ti pinnu láti rà á ni kí ẹ sì ti wá a, kí ẹ má ṣe gbé e kiri bí mo ti ṣe.

Inú ìwé ni ẹ̀gbọ́n mi kọ orúkọ kejì sí. Láàárín ìṣẹ́jú 10 tí mo tẹ̀ ẹ́, a ti rà á pẹ̀lú .com.ng. Ti ìyá wa ṣì wà lọ́wọ́ àjèjì títí di òní.