Gbólóhùn kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àbúrò mi di oníṣòwò oògùn olóró

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Àbúrò mi ọkùnrin ni. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n mi, àgọ́ ọlọ́pàá ni mo wà o. Wọ́n bá nǹkan nínú báàgì mi." Mo ní kí ni wọ́n bá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Igbó ni, àti kokéènì díẹ̀."

Mo bú sẹ́kún, mo sì ń bi í pé ta ló kọ́ ọ nírú èyí. Ìbéèrè tó yẹ kí n bi í ni pé, kí lo ti sọ fún wọn? N ò mọ̀ nígbà náà. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kọ sítétímẹ́ǹtì, ó sì ti buwọ́ lù ú. Ìlà mẹ́rin péré ni, kò sí agbẹjọ́rò kankan níbẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Ìlà kẹta ló kó wahálà bá wa fún oṣù mẹ́jọ gbáko: "Kì í ṣe tèmi nìkan. Tèmi àti tàwọn ọ̀rẹ́ mi ni, a fẹ́ jọ pín in ni."

Ó rò pé òun ń bu ẹ̀sùn òun kù ni. Bí nǹkan bá jẹ́ ti èèyàn mẹ́rin, ṣé ìpín tiẹ̀ ò wá kéré ni? Èmi náà ìbá rò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, béèyàn tà á ni o, bó fi tọrẹ ni o, bó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ni o, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni: ó fún ẹlòmíì ní oògùn olóró. Kò dìgbà tí owó bá yí ọwọ́ padà. Àbúrò mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun fẹ́ ṣe ohun tó wúwo ju èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un lọ.

Kẹ́ ẹ lè mọ bí àlàfo yẹn ṣe fẹ̀ tó, ẹ wo òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1971. Ó pín oògùn sí ìpele A, B àti C. Ẹni tí wọ́n ká ìpele A mọ́ lọ́wọ́ fún ìlò ara rẹ̀ ò lè gbà ju ẹ̀wọ̀n ọdún 7 lọ. Ti B ò ju 5, ti C ò ju 2. Àmọ́ bí wọ́n bá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ńṣe ló fẹ́ fún ẹlòmíì, ìpele A yẹn lè di ẹ̀wọ̀n gbére. Báàgì kan náà, oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó gbé e ló yàtọ̀, ẹnu olúwa rẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń gbà mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé: ẹ sọ orúkọ yín, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ má purọ́, kẹ́ ẹ sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ẹ fẹ́ rí agbẹjọ́rò kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Dídákẹ́ kì í ṣe àfojúdi. Ọ̀pọ̀ òfin ló fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń lò ó ò dọ́gba níbi gbogbo. Agbẹjọ́rò tó mọ òfin ibẹ̀ ló máa sọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ la ẹnu.

Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ lọ rí agbẹjọ́rò wa, ó tẹ́ àwòrán márùn-ún sórí tábìlì. Báàgì náà rèé. Igbó tí wọ́n wé sínú bébà rèé. Ọ̀rá kéékèèké mẹ́ta tí kokéènì wà nínú wọn. Owó tó wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni fẹ́ kà á. Àti òṣùwọ̀n kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òṣùwọ̀n yẹn ni ìyá agbẹjọ́rò náà fi ìka kàn.

"Iṣẹ́ wo ni àbúrò yín ń ṣe?"

"Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ló ń kọ́, mà."

Ó gbójú sókè. "Ṣé òṣùwọ̀n wúrà nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀gá ẹ̀ ló ra irú ẹ̀ fún gbogbo wọn."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì fa bírò yọ. Ojú táwọn ọlọ́pàá fi wo òṣùwọ̀n náà yàtọ̀ pátápátá. Òṣùwọ̀n, ọ̀rá mẹ́ta, owó, àti ìwé tó buwọ́ lù pé òun fẹ́ pín in: kí ni wọn ò bá tún máa wá? Àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń dá oníṣòwò mọ̀ nìyẹn káàkiri ayé. Wọ́n á wò ó bóyá ó ju ohun tí ẹnì kan lè lò lọ, bóyá wọ́n ti pọ́n ọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bóyá òṣùwọ̀n wà, bóyá owó tabua wà níbẹ̀, wọ́n á sì tú fóònù wò bóyá ẹnì kan ń béèrè iye tó ń tà á. Nínú fóònù tiẹ̀, wọn ò rí ìkankan. Bí ẹni tó tà á fún un ṣe dì í náà ni ọ̀rá mẹ́ta yẹn. Ọ̀gá rẹ̀ kọ lẹ́tà, ó kó ìwé tí wọ́n fi ra òṣùwọ̀n náà dání, ó sì mú òṣùwọ̀n ọmọṣẹ́ mìíràn wá, kí ilé-ẹjọ́ lè rí i pé ìbejì ni wọ́n. Ká ní a ò sọ irú iṣẹ́ tó ń kọ́ ni, òṣùwọ̀n yẹn ìbá jẹ́rìí lòdì sí i títí dé òpin.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí jìn o. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti kọ ọ́ sínú òfin pé bó bá ti kọjá iye báyìí, oníṣòwò ni wọ́n máa kà ọ́ sí, ìwọ lo sì máa fi ẹ̀rí hàn pé o kì í ṣe oníṣòwò. Ní Singapore, heroin tó bá lé ní gírámù 2 ti tó fún ìyẹn. Bó bá lé ní gírámù 15, tí wọ́n sì dá ẹni náà lẹ́bi òwò rẹ̀, ìdájọ́ ikú wà níbẹ̀. Ní Portugal, láti ọdún 2001, ẹni tí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀ ò bá ju ti ọjọ́ 10 lọ kì í lọ sí ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn rárá. Iwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ló ń lọ, wọ́n á sì wò ó bóyá ìtọ́jú ló nílò. Ní Amẹ́ríkà, gírámù 5 kokéènì oníkókó tí wọ́n ń pè ní crack ló ń fa ẹ̀wọ̀n ọdún 5 tí adájọ́ ò lè dín kù tẹ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gírámù 500 ni ti oníyẹ̀ẹ̀fun gbọ́dọ̀ tó kó tó jẹ́ irú ìyà yẹn. Ọdún 2010 ni wọ́n tó gbé ti crack lọ sí 28. Ó dùn mí láti kà á, torí àwọn tálákà àti aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí òfin àkọ́kọ́ yẹn gbá mú. Òfin Nàìjíríà tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ kọ ọdún 15 sí 25 fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ní kokéènì tàbí heroin lọ́wọ́. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé "Nǹkan kékeré ni, wọ́n á kàn gba owó ìtanràn," ẹ bi í pé òfin ibo ló ń sọ.

Ẹ tún béèrè bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Àwọn òfin kan máa ń ka gbogbo àpòpọ̀ náà, títí kan ìyẹ̀fun tí wọ́n fi lú u. Àwọn kan ń ka ojúlówó rẹ̀ nìkan. Èsì àyẹ̀wò láti yàrá àyẹ̀wò ni kẹ́ ẹ gbójú lé, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú yín.

Agbẹjọ́rò wa ní kí àbúrò mi gbà kíákíá pé òun jẹ̀bi níní in lọ́wọ́, kó sì jiyàn ti pípín. Gbígbà lásìkò máa ń dín ìyà kù: ní England àti Wales, ẹni tó gbà níbẹ̀rẹ̀ lè rí ìdá kan nínú mẹ́ta yọ kúrò nínú ìyà rẹ̀, ẹni tó dúró dọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kì í rí ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ohun tẹ́ ẹ ò ṣe nítorí ẹ̀dínwó o.

Ohun kejì tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n mú un ló bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ gba lẹ́tà dókítà, ó kà á, ó tún yí ewé rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ìbéèrè kan ló bi wá: "Ọjọ́ wo ló kọ́kọ́ débẹ̀?" Nígbà tí agbẹjọ́rò dárúkọ ọjọ́ náà, adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ àyẹ̀wò ìtọ̀ ló wà nínú fáìlì yẹn, oṣù kan ṣoṣo ló kùnà níbẹ̀, a ò sì fi pa mọ́. Ká ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdájọ́ ló lọ ni, lẹ́tà náà ì bá má wúwo tó bẹ́ẹ̀. Láwọn ibì kan, ilé-ẹjọ́ tiẹ̀ wà tó dìídì ń rán irú wọn lọ fún ìtọ́jú dípò ẹ̀wọ̀n. Miami ni ti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1989.

Lẹ́tà mọ̀lẹ́bí ńkọ́? A kó mọ́kànlá wá, agbẹjọ́rò da mẹ́jọ padà. Àwọn mẹ́jọ yẹn ń sọ pé ọmọ náà ò lè pa eṣinṣin, wọn ò sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ tó gbé wa débẹ̀. Mẹ́ta tó mú jẹ́ ti àwọn tó mọ ohun tó ṣe, tí wọ́n sì kọ ohun tí àwọn máa ṣe: ọ̀gá rẹ̀ kọ ọ́ pé òun máa fi í sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kọ ọ́ pé ilé òun ni á máa gbé.

Bó bá jẹ́ pé ó ti jẹ̀bi irú ẹ̀ rí ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò lè fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ ní ju ọdún 1 lọ fún níní in lọ́wọ́ lásán. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó lè tó ọdún 2, kò sì ní dín ní ọjọ́ 15. Ìbọn tó wà níbẹ̀, ọmọdé tó wà nínú mọ́tò, gbogbo ìyẹn náà máa ń bu iná sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín láti fún ọlọ́pàá lówó. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá gbà á sílẹ̀ lẹ máa jẹ́jọ́ rẹ̀.

Wọ́n yọ ẹ̀sùn pípín kúrò. Wọ́n ní kó san owó ìtanràn, kó sì lo ọdún kan lábẹ́ ìṣọ́ òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́, kó máa bá ìtọ́jú lọ. Kò sùn ní ẹ̀wọ̀n.

Àmọ́ ìdájọ́ náà ò parí nílé-ẹjọ́. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́, fọ́ọ̀mù físà, fọ́ọ̀mù ilé ìwé: "Ṣé wọ́n ti dá ọ lẹ́bi rí?" Gbogbo ìgbà tó bá bá ìbéèrè yẹn pàdé ló máa ń pè mí. Mo máa ń sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wò ó bóyá òfin ibẹ̀ ní dandan kó dáhùn, torí àwọn ibì kan máa ń pa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bó bá jẹ́ dandan, kó kọ "bẹ́ẹ̀ ni," kó sì so ìwé ìdájọ́ mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà púpọ̀, inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ló ń kó wọn sí.