Síláìdì Ìka Kì Í Sọ Tán: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Ibà àti Awọ Sẹ́ẹ̀lì Pupa

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù ní Ìdí-Àràbà, ní Yábà àti káàkiri Èkó, kòkòrò ibà tí ẹ kà lórí síláìdì kọ́ ni gbogbo èyí tó wà lára aláìsàn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ gún ìka ọmọ tí ibà ń ṣe, ẹ fi Giemsa pa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láró, ẹ kán ọ́ìlì sí i, ẹ wò ó. Irú kòkòrò ibà tí à ń pè ní Plasmodium falciparum ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, òrùka kéékèèké ni ẹ ó sì máa rí: ara rẹ̀ búlúù, ojú kan bíńtín níbẹ̀ pọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ kòkòrò nìyẹn. Nǹkan bí wákàtí 48 ni ọ̀kan fi ń dàgbà nínú sẹ́ẹ̀lì kó tó bẹ́ ẹ, síbẹ̀ ẹ lè wo síláìdì náà láti etí dé etí kí ẹ má rí àgbà kan ṣoṣo. Wọn ò kú o. Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró nínú ọpọlọ, nínú ìfun, àní nínú ibi ọmọ aláboyún.

Awọ sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tún ṣe kí wọ́n tó lè lẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gbó kò ní núkílíọ́ọ̀sì, kò lè ṣe purotéènì tuntun, kò sì ní ọ̀nà tó fi ń gbé ẹrù lọ sára awọ. Kòkòrò náà ló ń la ọ̀nà yẹn fúnra rẹ̀. Àwọn àpò pẹlẹbẹ tó ń gbé ẹrù gbà ni à ń pè ní Maurer's clefts, orúkọ Georg Maurer tó ṣàpèjúwe wọn ní 1902. Lára ẹrù náà ni purotéènì méjì: KAHRP, tó ń mú kókó wú lábẹ́ awọ, àti PfEMP1, tó ń dúró lórí kókó láti di ara iṣan mú. Nǹkan bí 60 jíìnì ni kòkòrò kan ní fún PfEMP1. Bí ara bá ti dá ọ̀kan mọ̀, òmíràn ni yóò gbé wọ̀. Ìdí kan nìyẹn tí ibà fi ń padà sára ọmọ kan náà.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú máa ṣàn lọ? Ọlọ inú (spleen) ni wọ́n ń sá fún. Sẹ́ẹ̀lì tó ní àlàáfíà máa ń tẹ̀, á ká, á sì gba ojú ihò tóóró ibẹ̀ kọjá. Èyí tí àgbà kòkòrò wà nínú rẹ̀ ti le; bó bá débẹ̀, ọlọ inú á mú un.

Bí ẹ bá ráàyè dé ibi tí wọ́n ti ń sin kòkòrò yìí nínú ìgò, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń fi sorbitol, tó jọ ṣúgà, pa àgbà kòkòrò kí òrùka nìkan lè kù. Lambros àti Vanderberg ló gbé ọ̀nà náà jáde ní 1979, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Àgbà kòkòrò ti ṣí ojú ọ̀nà tuntun sára awọ sẹ́ẹ̀lì láti fi gba oúnjẹ wọlé. Bí ẹ bá da sorbitol ìdá 5 nínú 100 sí i, ojú ọ̀nà yẹn náà ni yóò gbà wọlé. Omi á tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì á wú, á bẹ́. Òrùka ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ yí i nínú ẹ̀rọ, omi orí rẹ̀ á pọ́n. Ohun tí ojú ò rí lára awọ ti hàn nìyẹn.

AS tí à ń bi ara wa léèrè kí ìgbéyàwó tó wáyé náà kan ọ̀rọ̀ yìí: nínú sẹ́ẹ̀lì AS, kókó náà kì í gún régé, PfEMP1 kì í sì í pọ̀ lójú awọ.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún ìyá ọmọ pé "kòkòrò díẹ̀ ni" nígbà tí ọmọ ń sùn bí ẹni tí kò ní jí. Ẹ wo inú sẹ́ẹ̀lì funfun bóyá èérún dúdú tí kòkòrò fi sílẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú èsì. Bó bá sì jẹ́ àgbà kòkòrò ni ẹ rí tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìka, ẹ pe dókítà lórí fóònù kí ẹ tó jókòó kọ èsì.