Ẹ̀rín ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń ya fọ́tò kiri ìgboro láti ìgbà tó ti ra fóònù tuntun. Kì í ṣe fọ́tò òde ìnáwó bíi tèmi, níbi tí ìyàwó á ti jókòó, tí ọkọ á dúró tì í, tí àwọn ẹbí á sì máa jà sí iwájú. Àwọn èèyàn tí wọn ò múra fún kámẹ́rà ló fẹ́ràn láti máa yà: èrò inú mọ́tò, ọlọ́jà, àwọn ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Ẹ má kàn sọ pé ó dára o."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú. "Ó dára" kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní fọ́tò yíyà rí. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ báyìí, "ó mú", kò kúkú sàn jù ú lọ.

Kí n tó dá a lóhùn, mo ní kó tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ, ojú èèyàn á sì ti bàjẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ wò ó. Ẹni tó bá ń dá fọ́tò lẹ́jọ́ lórí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ WhatsApp ló ń dá lẹ́jọ́.

Ìtòkú ni wọ́n ti ya fọ́tò náà, níbí ní Abẹ́òkúta, láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàdìrẹ. Ìyá méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan kọjú sí wa, ó gbé orí sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín tó fi jẹ́ pé gbogbo eyín rẹ̀ ló yọ síta. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè, ó fẹ́ fi gbá ìkejì rẹ̀ léjìká, ọwọ́ náà ò sì tíì balẹ̀. Ìkejì kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, irun dídì àti èjìká rẹ̀ nìkan la rí. Àdìrẹ rọ̀ sókè, ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Agboòrùn ńlá aláwọ̀ búlúù bo àwọn méjèèjì. Ìdajì ọ̀kadà kan já wọlé láti apá òsì, kò sì sẹ́ni lórí rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, títì ń tàn yòò nínú oòrùn ọ̀sán.

Bí mo ṣe kọ ọ́ yìí gan-an ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. Mi ò tíì sọ pé ó yẹ kí o ṣe báyìí, kò yẹ kí o ṣe tọ̀hún. Ẹni tó ya fọ́tò kì í sábà rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lórí ohun tó mú un tẹ bọ́tìnì. Ó fèsì pé, "Ọ̀kadà kẹ̀? Haa, mi ò rí ọ̀kadà rárá!" Mo wá bi í pé kí ló mú un tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀rín ìyá yẹn ni, Àǹtí. Mo ti ń gbọ́ ọ kí n tó rí i."

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í béèrè. A máa ń wo fọ́tò ọmọdé bíi pé àwa la fẹ́ yà á. Ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ á sọ ti ìmọ́lẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lẹ́ǹsì olówó gọbọi á sọ ti lẹ́ǹsì. Ọmọ náà á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò ní mọ èwo ni kóun mú lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó ti sọ tirẹ̀ báyìí: ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà la ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tó bá ràn án lọ́wọ́, kó dúró; ohun tó bá ń dí i lọ́wọ́, ká wá nǹkan ṣe sí i.

Ọwọ́ tó wà lókè yẹn ló ràn án lọ́wọ́ jù. Ká ní ó ti balẹ̀ sí èjìká, ìyá méjì tó di ara wọn mú la ó rí, ariwo ẹ̀rín náà ì bá ti rọlẹ̀. Mo sọ fún un pé kó máa wá irú ìṣẹ́jú àáyá bẹ́ẹ̀, kó má sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó tẹ̀ ẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí o bá tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ tàbí tí o fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa yà á léraléra, wàá wá ṣa èyí tí ọwọ́ ti wà níbi tó yẹ.

Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kà sí àléébù ni pé ìyá kejì kọ ẹ̀yìn sí wa. Mi ò gbà fún un. Ẹ̀yìn yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló ni ọ̀rọ̀ tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àwa kọ́ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín fún. Irun rẹ̀ pàápàá tó wò. Mo ní kó lọ wá iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere wò, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó kú ní 2014. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin, ó sì yà wọ́n tó bíi ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìpàkọ́ nìkan la rí, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé ojú wọn dà.

Ọ̀kadà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Ó ń fa ojú ẹni lọ sí òsì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rín. Ọmọ náà ní, "Ẹ gbọ́, àwọn kan ní kò dáa kéèyàn máa gé fọ́tò tó bá ti yà á tán." Èmi náà mọ̀ wọ́n. Henri Cartier-Bresson, ayafọ́tò ọmọ Faransé tí wọ́n máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí, kórìíra fọ́tò gígé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ti ọkùnrin tó ń fo omi ní ẹ̀yìn ibùdókọ̀ rélùwéè Saint-Lazare ní Paris ní 1932, gígé ni wọ́n gé e. Àárín ọgbà onípákó ló ti yọ lẹ́ǹsì rẹ̀, pákó dí i lápá kan, wọ́n sì gé ibẹ̀ kúrò. Gìgísẹ̀ ọkùnrin náà ò tíì kan omi títí di òní. Bí pákó bá lè lọ, ọ̀kadà náà lè lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ló ba fọ́tò yìí jẹ́ jù. Títì tó wà lẹ́yìn mọ́lẹ̀ púpọ̀. Fóònù rí i, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù kí títì má bàa di funfun báláú, ojú ìyá tó dúdú ló sì san gbèsè náà. Agboòrùn búlúù tún wá da àwọ̀ tirẹ̀ lé e lórí. A lè fi Snapseed, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí fóònù, gbé ojú náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, àmọ́ bó bá ti pọ̀ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí wúruwùru. Ohun tó lè ṣe níbẹ̀ gan-an rọrùn: kó fi ìka kan ojú ìyá náà lórí fóònù, kó fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ sókè díẹ̀, kí títì máa bá tirẹ̀ lọ. Tàbí kó rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí aṣọ yóò fi wà lẹ́yìn wọn dípò títì. Àdìrẹ tó kún ibẹ̀ tó yẹn!

Kò sì lè rìn, nítorí òdìkejì ọ̀nà tó gba àárín àwọn ṣọ́ọ̀bù kọjá ló wà. Ìka méjì ló fi fa wọ́n súnmọ́ra, fóònù rẹ̀ kò sì ní lẹ́ǹsì tó ń wo ọ̀ọ́kán; gígé ló kàn ń gé fọ́tò tó sì ń fẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọdá. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé wọ́n á bú òun.

Mi ò lè bá a wí fún ìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, fọ́tò jẹ́ ohun tí à ń múra fún. Ẹ wo àwọn fọ́tò àgbà tó wà lára ògiri pálọ̀ bàbá yín: ó jókòó gbọnyin, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, agbádá tẹ́jú, ojú rẹ̀ sì kọ sí lẹ́ǹsì tààrà. Ìyá tó bá rí kámẹ́rà tó sì yára tún gèlè ṣe, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ní kéèyàn máa fi kámẹ́rà pamọ́. Sọdá. Kí wọn pé ẹ kú ọjà o, ẹ kú oòrùn. Sọ ohun tí o wá ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ dúró ṣánṣán fún ọ, ya ìyẹn, fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà kí o jókòó. Oníbàárà á dé, owó ọ̀pá aṣọ á di àríyànjiyàn, wọ́n á gbàgbé rẹ. Ẹ̀rín á tún jáde, o ò sì ní ju apá méjì lọ sí i.

Fọ́tò kejì tó fi ránṣẹ́ dá ìjà díẹ̀ sílẹ̀. Ìyá kan sùn lọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnu là sílẹ̀, ìborùn ti yọ́ kúrò lórí. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo tún sọ pé kó má gbé e sí Instagram. Ó ní, "Ṣebí gbangba ni, Àǹtí, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i." Mo ní ẹni tó ń kọjá á kọjá lọ, fọ́tò kò ní lọ. Mo ní tó bá jẹ́ ìyá tiẹ̀ ló sùn bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ó dákẹ́. Mi ò rò pé ó gbà pẹ̀lú mi tán, ó ní òun á rò ó.

Ìbéèrè tó fi parí rẹ̀ ni bóyá kóun sọ fọ́tò ẹ̀rín di dúdú àti funfun, kó lè dà bí ti àwọn àgbà. Mo ní rárá. Á bo búlúù agboòrùn mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n á kó aró náà lọ, aró ni wọ́n sì ń tà. Kó ṣe ojú ìyá náà, kó gé ọ̀kadà, kó tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà, kó sì mú un lọ fún ìyá náà ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, bíi aago mẹ́rin, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Kó mú fóònù dání.