Ẹ̀yìn Ìtàgé ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé fún àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní Ìlú Ọba kí ó tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí èmi ti ṣe, yóò kọ́kọ́ rò pé bákan náà ni gbogbo rẹ̀. Tírélà á dé ní ìdájí, àwọn tó ń so irin mọ́ òrùlé á fi ẹfun sàmì sílẹ̀ gbọ̀ngàn níbi tí ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan yóò ti sọ̀ kalẹ̀, iná á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gbohùngbohùn, kí ìlù àti gìtá tó gun orí ìtàgé. Iṣẹ́ kan náà ni lóòótọ́. Ohun tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ni kò rí bákan náà: òfin ìjọba ni ní Ìlú Ọba, ìwé àdéhùn ni ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ etí ṣáájú, nítorí etí ni irinṣẹ́ wa. Òfin ariwo níbi iṣẹ́ tí Ìlú Ọba ṣe ní ọdún 2005, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ilé orin ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, sọ pé bí ìpíndọ́gba ariwo tí òṣìṣẹ́ ń gbọ́ lójúmọ́ bá ti dé dèsíbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo) 85, dandan ni kí ó dí etí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, dèsíbẹ́ẹ̀lì 90 fún wákàtí mẹ́jọ ni òfin àpapọ̀ fi ṣe ààlà. Ìyàtọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ ìṣirò ló wà níbẹ̀: bí ariwo bá fi 3 lé sí i, Ìlú Ọba á pín àkókò tí òṣìṣẹ́ lè fi wà nínú rẹ̀ sí méjì, 5 ni Amẹ́ríkà sì ń dúró dè. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù níbi tí ariwo ti dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni yóò fi dé òdiwọ̀n Ìlú Ọba, nígbà tí Amẹ́ríkà yóò fún un ní wákàtí méjì gbáko. Èmi kì í yọ ohun tí mo fi ń dí etí o, òfin ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀.

Ẹni tí ilé iṣẹ́ gbà síṣẹ́ ní Ìlú Ọba ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún pẹ̀lú owó. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi dandan lé ọjọ́ kan ṣoṣo. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú wa ló ń dá ṣiṣẹ́, ìsinmi yẹn kò sì kàn wá. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni Amẹ́ríkà fi dí àlàfo náà. IATSE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìtàgé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1893, lágbára débi pé ní àwọn gbọ̀ngàn kan, ẹni tó bá olórin rìnrìn àjò kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ti àpótí kúrò nínú tírélà. Ọ̀pọ̀ àdéhùn wọn ni kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ ju wákàtí márùn-ún lọ láìjẹun. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó iṣẹ́ á fò sókè. Mo ti rí alábòójútó tó ń wo aago ju bó ṣe ń wo ìtàgé lọ, n kò sì bá a wí.

Ní Ìlú Ọba, ìwé àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ ni aago tí à ń bẹ̀rù. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ní Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù, Bruce Springsteen àti Paul McCartney jọ wà lórí ìtàgé nígbà tí wọ́n pa gbohùngbohùn mọ́ wọn lẹ́nu, nítorí pé àsìkò ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn tó ń lé gbajúmọ̀ kiri ló wá jìn jù. Ní ọdún 2004, House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba nígbà náà, dá Naomi Campbell, gbajúmọ̀ afoge-ṣòwò, láre lórí ìwé ìròyìn Daily Mirror, tó gbé fọ́tò rẹ̀ jáde níbi tó ti ń kúrò ní ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró. Adájọ́ mẹ́ta gbè é, méjì kò gbè é. Ní Amẹ́ríkà, láti orí ìdájọ́ New York Times àti Sullivan ọdún 1964 àti àwọn tó tẹ̀ lé e, gbajúmọ̀ tó bá pe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé oníròyìn mọ̀ pé irọ́ ni òun ń kọ, tàbí pé kò bìkítà bóyá irọ́ ni. Èyí kò sọ àwọn ti Ìlú Ọba di ẹni mímọ́: ìwé ìròyìn News of the World kógbá wọlé ní ọdún 2011 lẹ́yìn tí àṣírí tú pé wọ́n ń jí ọ̀rọ̀ orí fóònù àwọn ènìyàn gbọ́.

Nígbà tí olórin Amẹ́ríkà kò ti lè gbára lé ilé ẹjọ́ láti bo àṣírí rẹ̀, ẹnu àwa òṣìṣẹ́ ló ń dí. Àwọn àgbà ti ní gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Àwọn agbẹjọ́rò wá kọ ọ́ sínú ìwé. Èyí tí mo fọwọ́ sí níhìn-ín ka fọ́tò ilẹ̀kùn yàrá ìmúra léèwọ̀, ó ka orúkọ òtẹ́ẹ̀lì àti àsìkò tí bọ́ọ̀sì yóò gbéra mọ́ ọn, kò sì parí nígbà tí iṣẹ́ parí.