Ẹ̀gbọ́n mi rí fọ́tò kẹ̀kẹ́ mi

“Ṣé tìtorí kẹ̀kẹ́ lo ṣe lọ sí Kánádà?” Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìyẹn nínú WhatsApp ẹbí wa, lẹ́yìn tí mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́: èmi, kẹ̀kẹ́ mi, yìnyín tó ga dé orúnkún. Ìbátan wa kan ní Porto-Novo fi tirẹ̀ kún un, ó ní bí òun bá dé Kánádà, inú mọ́tò lòun á máa sùn, inú mọ́tò lòun á máa jẹun. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Mo mọ ibi tó ti wá. Ní Kétu, ìlú wa ní Benin, lónìí, ẹni tó bá ṣì ń gun kẹ̀kẹ́, owó alùpùpù ni kò tíì ní. Àwọn àgbà Porto-Novo ṣì rántí kẹ̀kẹ́ akérò tó wà kí zẹ́mì, alùpùpù akérò, tó gbòde, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun iyì. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá wa fi lọ oko títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀. A sin ín, a ta kẹ̀kẹ́ náà, ó tán.

Níbí ńkọ́? Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Montréal. Aago márùn-ún ìdájí là ń bẹ̀rẹ̀, métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣí títí di aago márùn-ún ààbọ̀. Bọ́ọ̀sì òru wà, àmọ́ ẹni tó bá dúró dè é lójú kan ni òtútù ń pa jù. Lórí kẹ̀kẹ́, ara ń ṣiṣẹ́.

Ẹ rántí ọyẹ́ oṣù Ṣẹẹrẹ, tí ètè wa máa ń là, tí Ìyá á fi òrí pa wá lára látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Òtútù ibí àti ọyẹ́ kò bá ara wọn tan rárá. Ó lè fi ìwọ̀n Celsius 20 lọ sísàlẹ̀ òdo. Irun imú á gan. Omijé tí afẹ́fẹ́ fà jáde á dì mọ́ ìpéǹpéjú. Síbẹ̀, ọgbọ́n wà fún un. Táyà tí mo ń lò ní irin ṣóńṣó wẹ́wẹ́ tó ń di omi dídì mú, mo sì máa ń dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù díẹ̀ kó lè fẹ̀ mọ́lẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, òun náà ló ń jẹ ṣéènì, nítorí náà mo ń nù ún, mo ń fi epo sí i. Bí òtútù bá wá le jù, iyọ̀ gan-an kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n á dà sílẹ̀. Ní ti aṣọ, ẹni tó bá wọ èyí tó pọ̀ jù á làágùn, òógùn yẹn ni òtútù á sì gbà mú un. Kó mú ọ díẹ̀ bó o ṣe ń jáde nílé ló dára. Aṣọ onírun àgùntàn ni kó kan ara, kì í ṣe òwú.

Òpópónà Saint-Denis tí mò ń gbà ti ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ láti 2020, wọ́n sì ń kó yìnyín kúrò lórí rẹ̀. BIXI, kẹ̀kẹ́ tí ará ìlú ń yá gùn, ti ń ṣiṣẹ́ nígbà òtútù náà láti 2023. Àgbàlagbà tó so táì mọ́rùn wà lára àwọn tí mò ń bá pàdé. Kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ohun tí n kò fi sínú fọ́tò wà o. Ní àwọn oríta kan nílùú yìí, wọ́n máa ń so kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kùn ní funfun mọ́ òpó, pẹ̀lú òdòdó, níbi tí mọ́tò ti pa ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ní 2014, kí ọ̀nà tiwa yìí tó wà, ọkọ̀ akẹ́rù pa obìnrin kan lábẹ́ afárá ní Saint-Denis kan náà. Bí mo bá ń gba abẹ́ afárá yẹn kọjá nínú òkùnkùn, Ìyá ni mo máa ń rò. Ta ni yóò sọ fún un? Èló ni wọ́n máa dá jọ kí wọ́n tó gbé mi dé Kétu, kí n lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá? Nínú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín, ẹnì kan kò béèrè bóyá títì ń yọ̀.

Mọ́tò kò kọjá agbára mi. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀, owó ìbánigbófò rẹ̀, àti ti táyà òtútù tí òfin Québec, ìpínlẹ̀ tí Montréal wà, fi dandan lé láti ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀pẹ títí di ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà, òun ni oògùn ojú Ìyá. Òun la fi kan òrùlé ilé tó wà lọ́nà Ìlárá, tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé.

Mo dá a lóhùn níwájú gbogbo ẹbí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé. Kẹ̀kẹ́ yìí ló ń gbé mi lọ síbi tí owó ti ń wá.” Kò tíì fèsì.

Ìyá ló pè mí. Ó kọ́kọ́ kì mí títí, ó wá béèrè bóyá irin inú táyà kì í gún mi lẹ́sẹ̀. Mo ṣàlàyé. Ó ní ìbọ̀wọ́ inú fọ́tò yẹn fẹ́lẹ́ jù, kí n ra èyí tó nípọn, kí n sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí òun rí i. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa rà á.