Dókítà tó ń ka ọmọ ọlọ́mọ

Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ lèmi àtàbúrò mi ti jókòó sí ọsibítù lónìí, oyún ẹ̀ ti pé oṣù méje, nọ́ńbà 43 ló wà lọ́wọ́ wa, wọn ò tíì pe 12. Ni mo bá mú fóònù, mo ń ka ọ̀rọ̀ dókítà kan, John Arbuthnot, ọmọ Skọ́tláǹdì tí wọ́n bí ní 1667. Àlùfáà ni bàbá ẹ̀, wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ̀, lọmọ bá gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìṣirò kó tó gboyè dókítà.

Orí ló gbé e dé ààfin o jàre. Ọkọ Anne, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàìsàn ní Epsom ní 1705, Arbuthnot wà nítòsí, ó tọ́jú ẹ̀, ara ẹ̀ yá, ó parí.

Anne yìí gan-an ni ò jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀. Ó lóyún tó ìgbà 17. Òmíì bàjẹ́, òmíì jẹ́ òkú ọmọ, èyí tó pẹ́ jù láyé nínú wọn, ọmọ ọdún 11 ló kú ní 1700. Nílé wa, wọn á ti sọ wọ́n ní Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ tipẹ́.

Ẹ wá wo nǹkan tí dókítà ẹ̀ gbé jáde ní 1710. Ó kó àkọsílẹ̀ ìrìbọmi Lọ́ńdọ̀nù jọ, ọdún 82 gbáko, láti 1629, ó ka ọkùnrin, ó ka obìnrin, kò sí ọdún kan tí ọmọkùnrin ò pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Bí ìgbà téèyàn ju kọ́ìnì sókè nígbà 82 tójú kan náà ń hàn ṣáá. Ó ní ìyẹn kì í ṣèèṣì, Ọlọ́run ló ń fi dípò àwọn ọkùnrin tí ewu ń pa. Ibẹ̀ náà ló ti ní ìkóbìnrinjọ lòdì sí ìṣẹ̀dá (bàbá bàbá mi, oníyàwó mẹ́ta, ì bá ní kó lọ jókòó).

Á ka ọmọ ọlọ́mọ títí, á pa ìwé dé, á wá lọ yẹ obìnrin tí ò ní ẹyọ kan wò.

Aláwàdà sì ni, òun ló dá John Bull, ọkùnrin inú ìtàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàpèjúwe ara wọn sílẹ̀ ní 1712, ọmọ Skọ́tláǹdì! Àmọ́ nígbà tí Anne kú ní August 1714, ó kọ lẹ́tà sí Jonathan Swift, òǹkọ̀wé ọ̀rẹ́ ẹ̀, pé oorun ò dùn mọ́ arìnrìn-àjò tó ti rẹ̀ rí bí ikú ṣe dùn mọ́ ọn.

Àbúrò mi ní kí ló dé tí mò ń mí kanlẹ̀, mo ní kò sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe 19.