Aago mélòó ló wà níbẹ̀? Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ tí àwòrán kan dójú tì mí

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Eléèrà. Wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà, wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀ nídìí ìyá oníràìsì, ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi wọ Kábà náà ti gbọ́ ọ. Bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí, á ní, "Okun o, Ìyá Eléèrà." Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ ọnà bíi tèmi ni mò ń kọ èyí sí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Olùkọ́ á kọ orúkọ àwọn àwòrán surrealism, àwọn àwòrán tó dà bí àlá, sórí bébà pélébé-pélébé, á ká wọn, á ní kí kálukú mú ọ̀kan. Èyí tó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, wàá dúró níwájú kíláàsì, wàá sọ ìtumọ̀ àwọn àmì inú ẹ̀ àti ọgbọ́n ọwọ́ tí ẹni tó yà á lò. Mákì 20 ni. Èmi mú The Persistence of Memory, èyí tí Salvador Dalí, ọmọ Catalonia ní ilẹ̀ Sípéènì, yà ní 1931. Inú mi tilẹ̀ dùn. Ta ni kò mọ àwọn aago tó ń yọ́ yẹn? Mo ti rí wọn lára ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìkà rí.

Ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni mí, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi tó. Kò síná fún ọjọ́ mẹ́ta, fóònù mi ń kú, dátà tó kù kò tó nǹkan. Mo wá ìtumọ̀ àwòrán náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kà á pé aago tó ń yọ́ dúró fún àkókò tí kì í dúró sójú kan, pé ọ̀rọ̀ tí Einstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, sọ nípa àkókò wà níbẹ̀, mo sì kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti dárúkọ èèrà, fóònù kú mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá fi tèmi dí i: èèrà ni iṣẹ́ àṣekára. Ṣebí Bíbélì ló sọ pé "Tọ èèrà lọ, ìwọ ọ̀lẹ." Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo mọ ẹsẹ yẹn bí ẹni mowó. Lọ́jọ́ kejì mo lọ tẹ àwòrán náà jáde ní Kábà. Aláwọ̀ jẹ́ ₦400, dúdú àti funfun jẹ́ ₦100. Mo tẹ dúdú àti funfun.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ náà gan-an.

Mo sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní àwòrán ńlá tó gba ògiri tán ni, pé bí èèyàn bá dúró níwájú ẹ̀, ẹ̀rù á bà á. Mo ní àwọn aago yẹn, gbogbo wọn ń yọ́, torí ìgbà ò lọ bí òréré. Mo kó èèrà bọ́ ọ, mo ka ẹsẹ Bíbélì, àwọn kan ṣe "Àmín." Mo dákẹ́, mo ń retí àtẹ́wọ́.

Ọ̀gá wa ò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Ẹnìkan yá a ní rúlà." Wọ́n yá mi. Ó ní kí n wọn bébà tó wà lọ́wọ́ mi. Mo wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 21 níbùú, ó fẹ́ẹ̀ tó 30 lóròó. Ó ní, "Àwòrán tí Dalí yà, 24 ni níbi kan, 33 ni níbi kejì. Èyí tó o dì mọ́wọ́ yẹn, ó ku bí ìbú ìka méjì kó tó o. Ògiri wo ló gbà tán?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pó ti tán.

"Aago mélòó ló wà níbẹ̀?"

Mo ní mẹ́ta. Mẹ́rin ni. Ìkẹrin wà lápá òsì nísàlẹ̀, ó da ojú dé, ìdérí ẹ̀ ló kọjú sókè. Lórí bébà mi, ó dà bí ọmọrí ìkòkò, mi ò tiẹ̀ kà á kún nǹkan.

"Àwọ̀ wo ni ìkẹrin yẹn?" Mi ò mọ̀. Báwo ni n ó ṣe mọ̀? Eérú ni gbogbo ẹ̀ lójú mi. Àwọ̀ ọsàn ni, òun nìkan ló ta bẹ́ẹ̀.

"Ta ló sùn sílẹ̀ láàárín?" Mo ní ẹja ni. Hà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú èèyàn ni, ó dojú délẹ̀, ìpéǹpéjú ẹ̀ pa dé, irun ibẹ̀ gùn gbọọrọ, ọ̀kan nínú àwọn aago náà tẹ́ lé e lórí bí aṣọ ìbora. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ojú Dalí fúnra ẹ̀ ni.

Ó wá sọ ohùn kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kú. Ó ní, "Èèrà tó o ti ń wàásù ẹ̀ látàárọ̀, fi ìka kàn án fún wa."

Mo wo bébà. Mo wò ó, mo tún wò ó. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ ẹni tó ń wú ikọ́. Èèrà kankan ò sí lójú mi. Àwọn tó-tó-tó dúdú kan wà lórí ohun tí mo pè ní ọmọrí ìkòkò, àmọ́ ìdọ̀tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo kà wọ́n sí. Lánàá ọjọ́ náà, mo tilẹ̀ ti fi itọ́ ra ọ̀kan kó lè kúrò. Ojú ibẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ ya. Ọ̀gá dìde, ó wá síbi tí mo wà, ó fi ìka ẹ̀ lé e. "Àwọn rèé. Ìwọ lo nù wọ́n nù?"

Kíláàsì tú ká. Ẹni tó jókòó níwájú ń fi ọwọ́ gbá tábìlì. Bí wọ́n ṣe ń rọlẹ̀, ọ̀gá fi ọ̀kan sí i: "Bí o bá rí èèrà lára aláǹgbá tó ti kú, ṣé iṣẹ́ àṣekára ni wọ́n ń kọ́ aláǹgbá yẹn?"

Mi ò sunkún níbẹ̀. Mo dé ilé kí n tó sun ún.

(Ẹni tó ń gbá tábìlì yẹn, iṣẹ́ Magritte, ayàwòrán ọmọ Belgium, ló bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwòrán 1929 tó ya ìkòkò tábà kan, tó sì fi èdè Faransé kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé èyí kì í ṣe ìkòkò tábà. Ó ní fèrè ni. Ó ní orin ló ń sú Magritte. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní Bàbá Onífèrè.)

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò pọ̀. Ẹ wò ó. Kẹ́ ẹ tó wá ìtumọ̀ kankan, ẹ kà á: kí ló wà níbẹ̀, mélòó ni, níbo ló wà, àwọ̀ wo, kí ló le, kí ló rọ̀, níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí aláté ń ka ọjà. Mo ṣe é lẹ́yìn ìtìjú yẹn, mo rí eṣinṣin kan tó bà lórí aago etí tábìlì, eṣinṣin tí mi ò gbúròó ẹ̀ rí. Mo rí i pé igi gbígbẹ tí aago kan fi kọ́ ń hù látinú tábìlì. Mo rí àpáta lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí oòrùn ń tàn sí, ó le, ó dúró bó ṣe yẹ. Etíkun Catalonia tí Dalí mọ̀ láti kékeré nìyẹn.

Bàbá kan wà tó ń tún aago ṣe lọ́jà Kábà, tó tún máa ń pààrọ̀ bátìrì fóònù. Mo gbé àwòrán náà, aláwọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, fún un. Mi ò sọ pé Dalí ló yà á, mo kàn ní, "Bàbá, ẹ wo àwọn aago yìí fún mi." Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó ní, "Àwọn mẹ́ta yìí ti bàjẹ́, kò sí ẹni tó lè tún wọn ṣe. Èyí tó dé yìí, aago àpò ni, òun ni mo lè rà lọ́wọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí ni èèrà ń wá níbẹ̀?" Ẹ ò rí nǹkan! Aago kan ṣoṣo tí kò yọ́, òun ni èèrà bò. Irin ni, àmọ́ wọ́n ṣù bò ó bí ẹran tó ti ń rà. Mo ka ìwé tó lé ní márùn-ún lórí fóònù, mi ò fi ojú ara mi rí i. Bàbá wò ó fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀kọ́ kejì, tí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ kejì, ni pé àmì ní ẹni tó ni ín. Èèrà tèmi wá láti inú Bíbélì. Èèrà Dalí wá láti ìgbà èwe ẹ̀: ó kọ ọ́ nínú ìtàn ayé ara ẹ̀ pé òun rí àdán kan tó ṣèṣe tí èèrà ti bò. Láti ìgbà náà, ibi tí èèrà bá ti jáde nínú àwòrán ẹ̀, ẹ wá ohun tó ń rà níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ìyá mi ọmọ Bùnú ni, nígbà tí wọ́n sin bàbá ẹ̀, mo rí aṣọ pupa tí wọ́n kó jáde, aṣọ ipò, tí wọn ò fi í ṣeré. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn akọrin a máa wọ pupa ní Kérésìmesì. Bí àlejò kan bá wá bi mí pé kí ni ìtumọ̀ pupa, ṣé mo lè dá a lóhùn láìbi í pé pupa ta ni, lọ́jọ́ wo? Síbẹ̀ ni mo ń pín ìtumọ̀ èèrà kiri. Ọ̀rọ̀ Einstein náà ńkọ́? Dalí ní wàràkàṣì Camembert ló fún òun ní aago yẹn. Ó ti ya ilẹ̀ àti òkun àwòrán náà tẹ́lẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan tí orí ń fọ́ ọ, ó jókòó ti wàràkàṣì tó ti rọ̀, ó ronú lé e lórí, aago rírọ̀ sì dé sí i lójú.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, kí ẹ má tún fi ìtàn ayé ayàwòrán pa àwòrán. Ìyá Magritte kú sómi ní 1912, nítorí ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe ń sọ pé aṣọ tó bo orí àwọn olólùfẹ́ méjì tó yà ní 1928 ni aṣọ ìyá ẹ̀. Magritte ò fẹ́ràn irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ padà síbi ohun tí ẹ rí.

Ní ti ọgbọ́n ọwọ́, ojú náà ni. Mo sọ níwájú kíláàsì pé Dalí "lo ọ̀dà dáadáa." Kí nìyẹn? Ẹni tó bá wo àwòrán aláwọ̀ á rí i pé kò sí ipa búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, ó jọ̀lọ̀ bíi fọ́tò, òjìji gùn bó ṣe yẹ. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ló yà, ó yà á bí ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú sì gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn nínú àwọn ayàwòrán surrealism ò ṣe bẹ́ẹ̀. Max Ernst, láti 1925, á gbé bébà lé pákó ilẹ̀, á fi pẹ́ńsù ra á títí ojú igi á fi jáde, á wá wo ohun tó rí nínú ẹ̀ kó tó parí àwòrán. Ṣebí gbogbo wa la fi kọ́bọ̀ sábẹ́ ìwé, tí a ra á ní pírámárì? Òun náà nìyẹn. Ti Ernst, ọwọ́ ló ṣáájú, àlá tẹ̀ lé e. Ti Dalí, ó ti rí àlá ná kó tó yà á. Bí ẹ ò bá wò ó, ẹ ò ní mọ èwo lẹ ń wò.

Ọ̀gá fún mi láyè kejì. Mo mú The Jungle, tí Wifredo Lam parí ní 1943. Ọmọ Cuba ni, ìyá ìsàmì ẹ̀ ń bọ àwọn òrìṣà tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé ibẹ̀. Mo mú un torí mo rò pé tiwa ni, ó máa rọrùn. Ìyẹn náà fẹ́ẹ̀ pa mí: mo rí ọwọ́ tó mú àlùmọ́gàjí lókè lápá ọ̀tún, mo ti kọ "Ògún nìyí" sílẹ̀ kí n tó pa á rẹ́. Mo kà á dípò bẹ́ẹ̀. Mo ka ẹsẹ̀, mo ka ojú tó dà bí òṣùpá, mo rí i pé ìrèké wà láàárín ohun tí wọ́n ń pè ní igbó. Ìrèké kì í hù nínú igbó fúnra ẹ̀, oko ni wọ́n ti ń gbìn ín, àwọn ẹrú ló sì ṣiṣẹ́ nínú oko yẹn. Mo sọ ọ́ báyẹn, mo dákẹ́. ₦400 ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀gá bi mí: báwo ló ṣe tóbi tó? Mo na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, mo ní ó ga ju ilẹ̀kùn yẹn lọ, ó fẹ́ẹ̀ tó mítà 2.4. Ó yíjú wo ilẹ̀kùn. Ó ní kí n lọ jókòó.